Ìràwọ̀ Mélòó Ni Ilé Bàbá Wa?

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Mùìnátù, tí ẹ máa ń pè ní Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí inú yín bá dùn sí mi, ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ètè gbígbẹ. Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa. Mo kí ìyàwó Bùrọ̀dá Ràṣíìdì àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ará ilé, mo kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní àsàlátù. Mo kí Àǹtí Sìkírá aládùúgbò wa tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ibì kankan, ìbáà ṣe ibi tí kò dùn ún gbọ́.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ará Òkè-Ògùn ń kà. Ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ọ̀dọ̀ Bùrọ̀dá Ràṣíìdì ló ń gbà, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ibi tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n máa ń sọ fún yín. Mi ò bá wọn jà. Àwọn gan-an ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti ìràwọ̀ yé yín, kí ẹ lè gbà láti kó lọ sí ilé wọn ní Ìbàdàn kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó padà wá wo ilé Bàbá wa ní Ṣakí, tí Bùrọ̀dá fẹ́ sọ di òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì nílùú òyìnbó ni ẹ máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mo ní ó dáa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára mi lásìkò yìí, bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ́ pé kí ẹ lọ máa sùn lórí òrùlé, màá ti gbé bírò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibí ṣe rí. Òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ mẹ́rin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú kan ní Skọ́tíláǹdì. Yàrá ni mò ń tún ṣe. Àlejò á jáde, èmi á wọlé, màá ká bẹ́díṣíìtì, màá tẹ́ òmíràn, màá fọ ilé ìwẹ̀, màá nu gbogbo ohun tó lè fi hàn pé ẹnì kan sùn síbẹ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ẹni tó ń bọ̀ á rò pé òun lòun kọ́kọ́ fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé. Yàrá kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ìgbà míì, mo máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti ṣe èyí tó wà lápá ọ̀tún tàbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ ṣe é. Òòrùn ti máa ń wọ̀ kí ẹ̀yin tó ti ibi ìrun Alásàrí dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, yìnyín bọ́ títí ilẹ̀ fi funfun, àwọn èèyàn sáré síta láti ya fọ́tò. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Àmá, obìnrin ará Gánà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi le. Ara mi sì le lóòótọ́.

Ní ti ìràwọ̀, báyìí ló ṣe rí. Ìràwọ̀ kan túmọ̀ sí pé ibẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì wà, omi ń yọ, ilẹ̀kùn ṣe é tì. Tó bá ti di mẹ́ta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé tí yóò dá àlejò lóhùn nígbàkígbà tó bá dé, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ wà. Oníràwọ̀ mẹ́rin bíi tiwa, wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá àlejò ní yàrá. Oníràwọ̀ márùn-ún, wọ́n á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀ kó tó la ẹnu, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá ṣí aṣọ ìbora sílẹ̀ fún un bí ẹni pé kò lọ́wọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ o. Mẹ́rin níbì kan lè di mẹ́ta níbòmíì. Àmọ́ níbi gbogbo, ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí: ìràwọ̀ kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń sọ ara rẹ̀. Bí oyè ni, ẹlòmíì ló ń fi jẹni.

Àwọn tó ń fi jẹni níbí, ẹ ò ní gbà gbọ́ pé iṣẹ́ wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ bí ẹni ń lọ sí ìrìn àjò tirẹ̀, wọ́n á gba yàrá, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ wọ́n. Ilẹ̀ máa mọ́, wọ́n á san gbogbo owó wọn tán, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó sọ fún mánéjà pé iṣẹ́ làwọn wá ṣe. Ọ̀kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà òjò ilé yín, bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń tiro díẹ̀. Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n bá òun wá píló kan sí i. Mo gbé e fún un. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ ò wọ̀ mí lọ́rùn. Mo fèsì bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ní gbogbo nǹkan ló dára, kó gbádùn ibi tó wà. Nígbà tó fi ara rẹ̀ hàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ka ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún mánéjà, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ó ní obìnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, ojú rẹ̀ balẹ̀, kò sí ohun tó ń yí i padà, irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọkàn àlejò balẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin wa ò jábọ́. Wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń wọlé.

Fọ́tò yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Gbogbo ilé ló kí mi kú oríire. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ojú yẹn kì í ṣe ojú ọmọ yín.

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá tó ń tiro yẹn wá ni Bàbá wa kú. Mò ń tẹ́ bẹ́díṣíìtì lọ́wọ́ nígbà tí Bùrọ̀dá pè. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo ní "innà lillāhi," mo fi fóònù sí àpò, mo sì ki igun bẹ́díṣíìtì tó kù bọ abẹ́ fóòmù. Mo ṣe yàrá náà tán, mo ṣe èyí tó kàn. Kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ẹ ti kírun sí Bàbá lára, ẹ ti sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo délé, mo jókòó, mo ń retí ẹkún. Ẹkún ò dé. Títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì sunkún Bàbá mi. Kò dùn mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, pé kò dùn mí. Mò ń jẹun, mi ò mọ̀ bóyá ó níyọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ilé ń dé etí mi bí ìròyìn ìlú àwọn ẹlòmíì.

Kódà èyí tí ẹ̀yin ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò lè rẹ́rìn-ín sí i, bẹ́ẹ̀ Àmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, kí àwọn tó ń kà á lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bùrọ̀dá kọ́ àwọn yàrá tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti máa ń sá èlùbọ́. Wọ́n gbé pátákó síwájú ilé, wọ́n sì ya ìràwọ̀ márùn-ún gbàràmù-gbaramu sí i kí omi tó dé ilé ìwẹ̀ kankan. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, bí èèyàn bá ti rí ọ̀dà, á ya ìràwọ̀. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe ìjọba kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ mọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà dé láti Ìbàdàn, mọ́tò Bùrọ̀dá bàjẹ́ sọ́nà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sùn di ọjọ́ kejì káwọn lè rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlejò níbẹ̀. Ìyá mi gbọ́ pé àlejò. Ó tán.

Ẹ bu omi kí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀. Ẹ pa adìyẹ, ẹ fi iṣu tó ti Ògbòóró wá gún iyán. Nígbà tó tó àkókò oorun, ẹ ò mú ọ̀gá wọn lọ sí yàrá tuntun tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Orí bẹ́ẹ̀dì Bàbá lẹ mú un lọ, nítorí pé nílé wa, àlejò tó bá wá lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀dì onílé ló ń sùn, onílé á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin náà sì tẹ́ ẹní. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá béèrè iye tí yàrá jẹ́. Inú bí yín. Ẹ bi í ta ló sọ fún un pé Ìyá Ràṣíìdì ń ta oorun. Ó fi owó sábẹ́ píló, ẹ rí i, ẹ sáré tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò, ẹ kó owó wọn fún wọn, ẹ sì ju iṣu sí búùtù wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ọ̀wọ̀ sọ fún Bùrọ̀dá lórí fóònù pé àwọn ò lè pe ibi tí wọn kì í ti gba owó yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Ilé ẹbí ni. Wọ́n tún ní sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, àfi kí wọ́n fi nǹkan bò ó, nítorí àlejò ò ní fẹ́ máa rí i láti ojú fèrèsé. Bùrọ̀dá ní àwọn á tẹ́ táìsì sórí rẹ̀, àwọn á gbé ilé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Bùrọ̀dá tún ní àwọn òṣìṣẹ́ náà ń padà bọ̀, tí wọ́n bá sì tún bá yín nílé, ẹ tún máa gún iyán ni.

Gbígba àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ yìí, bí Bàbá ṣe fi ilé náà sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníṣòwò tó ń wá ra iṣu àti èlùbọ́, láti Ìlọrin, láti Pàràkú, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń sọ̀ sí. Àwọn Haúsá inú wọn ń pe Bàbá ní Màígídá, ìyẹn onílé. Bàbá á bá wọn wá ọjà, á bá wọn wá ọkọ̀, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ibùsùn. Ohun tó bá wu oníṣòwò náà ló máa ń fún wọn lẹ́yìn ọjà. Mi ò sọ èyí láti fi bú Bùrọ̀dá. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Òrùlé ń jò, àwọn oníṣòwò ti dín kù, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń dá sùn nínú ilé ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé bàbá rẹ̀ máa bọ́ ara rẹ̀ kò ṣẹ̀.

Ẹ sì bi mí nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn pé, èmi tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ìràwọ̀ mélòó ni ilé Bàbá wa.

Kò ní ìkankan, Ìyá mi. Ilẹ̀kùn yàrá àlejò ò ní kọ́kọ́rọ́. Ilé ìwẹ̀ wà níta. Ewúrẹ́ a máa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìyẹ a sì máa ṣe ohun tó bá wù ú sórí ẹní. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ fún yín pé ilé Bàbá wa ga ju ìràwọ̀ lọ. Mi ò lè kọ irú ẹ̀. Bí bàbá tó ń tiro yẹn bá wá síbẹ̀, kò ní fún un ní ìdajì ìràwọ̀, kò sì ní purọ́.

Àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì ní irú, ìyẹn gan-an ni Bùrọ̀dá ò sọ fún yín. Ọ̀kan wà lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfuurufú, àwọn èèyàn a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi bàtà sùn níbẹ̀. Ọ̀kan wà létí òkun, ìgbádùn ni wọ́n ń bá lọ, àlejò kì í jáde nínú ọgbà. Ọ̀kan wà tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì lé ara wọn bí ilé ìwé oníbọ́dìǹ, àwọn ọ̀dọ́ tí ò lówó ló ń sùn ún. Òmíì ní ibi ìdáná fún ẹni tí iṣẹ́ gbé wá fún oṣù mélòó kan. Ti ilé ẹbí náà wà, tọkọtaya á gba àlejò sí yàrá tí ọmọ wọn kó kúrò, ìyàwó á dín ẹyin láàárọ̀, àlejò á sì sanwó. Irú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ojú tirẹ̀ wò. Wọn kì í fi ilé ẹlẹ́yin díndín wé ti etí òkun. Mo sọ fún Bùrọ̀dá pé ti ilé ẹbí yìí ló sún mọ́ tiwa. Wọ́n ní ta ni yóò wá sanwó láti sùn sí pálọ̀ ìyá ẹni ní Ṣakí.

Irú tí Bùrọ̀dá ń kọ́ ni ti ojú títì. Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín bó ṣe rí, ẹ má bínú sí mi. Awakọ̀ tó ń kó òkúta mábù láti Ìgbẹ́tì á sùn síbẹ̀, á lọ. Olóṣèlú á sùn síbẹ̀ lásìkò ìbò. Lọ́jọ́ tó kù, àwọn tó máa gbà á jù ni ọkùnrin tó mú obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ wá, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ibi gbogbo ló ti ń rí bẹ́ẹ̀, níbí náà ò yàtọ̀, èmi ni mo ń ká bẹ́díṣíìtì wọn. Bí wọ́n bá fi ilé ńlá kún un, yàrá tí Bàbá ti ń kírun, tí wọ́n ti ń ṣe lásíbàá, wà lára yàrá tí wọ́n máa gbà.

Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí Bùrọ̀dá rán mi ni pé kí n sọ fún yín pé kí ẹ lọ. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é. Èyí tí mo fi tọmọ jẹ́ rèé: Ìyá mi, ẹ má lọ sí Ìbàdàn. Bùrọ̀dá, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ẹ dárí jì mí. Àwọn yàrá tí ẹ kọ́ sẹ́yìn, ẹ mọ ògiri yí wọn ká, ẹ la ilẹ̀kùn tiwọn sí ojú títì, ẹ fi ọ̀dà pa ìràwọ̀ yẹn rẹ́ títí ẹnì kan yóò fi fún yín ní ọ̀kan, kí ẹ máa gba owó yín. Ilé ńlá àti ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ́ nǹkan kan síbẹ̀.

Kì í ṣe nítorí àlejò. Kì í ṣe nítorí orúkọ Bàbá pàápàá. Ara mi ni mò ń rò. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè dùbúlẹ̀ lé kí n pariwo ẹkún. Yàrá tí mo háyà níbí, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, mò ń gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe ń wúkọ́. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo rò pé ẹkún yìí lè ti jáde lára mi.

Ọlọ́run Ọba á fi Àlùjánnà kẹ́ Bàbá wa. Á fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà bá yín gbé, ojú yín ò ní ríbi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá bí inú wọn bá rọ̀. Lẹ́yìn Ìléyá, màá gba ààyè níbi iṣẹ́, màá wá. Ẹ má pa adìyẹ, ẹ má tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí mi. Ẹ sáà ṣí ilẹ̀kùn yàrá Bàbá sílẹ̀ fún mi, kí n wọlé, kí n sunkún Bàbá mi, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ọjọ́ mélòó ni màá lò.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùìnátù Àbẹ̀kẹ́